Àtẹ̀gùn 47 ní Láyípo

Nínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi, ojú ewé kan wà tí orúkọ èmi fúnra mi wà lókè rẹ̀. Kò sí ìwọ̀n àyà níbẹ̀, kò sí ti ìdí, kò sí gígùn apá. Itan nìkan ni mo kọ síbẹ̀: itan òsì, itan ọ̀tún, àti ọjọ́ tí mo wọ̀n wọ́n. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ti oṣù Kẹfà ọdún 2022. Òsì, ínṣì 23. Ọ̀tún, ínṣì 20 ààbọ̀. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ìyàwó ni mo fi wọ̀n ọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń wo nọ́ńbà náà bí ẹni pé itan ẹlòmíì ni.

Aránṣọ ni mí, n'Íbàdàn. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́, òun náà ni mo ń lò di òní, nítorí iná wa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́kàn lé nígbà tí ìkómọ oníbàárà bá ku ọ̀la. Ẹni tí kò bá jókòó ti máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rí á rò pé ọwọ́ ni iṣẹ́ wa wà. Ọwọ́ kàn ń darí aṣọ ni, ẹsẹ̀ ló ń rán an. Láti bí ogún ọdún ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń bọ́ mi.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, mò ń bọ̀ láti Gbági, mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, báàgì sípù àti òwú wà lórí itan mi. Ọkọ̀ kan já wọ iwájú wa nítòsí Ìwó Road. Mi ò rántí bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo rántí ni sípù aláwọ̀ oríṣiríṣi tó fọ́n ká sójú títì, àti obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí tó ń ṣà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sunkún bí ẹni pé òun ló ṣe mí léṣe. Ẹni tó wa ọkọ̀ náà ò dúró. Eegun itan ọ̀tún mi dá sí méjì.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọ́n á di igi mọ́ ọn bí wọ́n ṣe di í mọ́ ti aláìsàn, oògùn kan náà ni wọ́n á máa fi pa ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọjọ́ tí adìẹ bá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, aláìsàn náà á tẹ tiẹ̀. Mi ò fojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n dókítà fi fọ́tò eegun náà hàn mí, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹran itan ṣe ń fa eegun tó bá dá sókè títí tí á fi gun orí èkejì, mo sì ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ki irin gígùn kan bọ inú eegun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo bá adìẹ pupa kan tí wọ́n so mọ́ igi ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló rà á. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, “Mi ò ní í ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kó kàn máa rìn níbi tí wàá ti máa rí i.”

Kí n tó lọ jìnnà, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ owó, torí ọ̀pọ̀ ìtàn ìforítì kì í dárúkọ rẹ̀. Owó àjọ mi lọ síbẹ̀ pátá. Ẹgbẹ́ aránṣọ àdúgbò wa dáwó jọ. Àwọn kan nínú wọn kò ní oníbàárà tó tèmi. Àbúrò mi ta ọ̀kadà tirẹ̀, ọ̀kadà kan náà tó fi ń jẹun. Bí kì í bá ṣe ti owó yẹn ni, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọkàn akin yìí, ẹnu lásán ni ì bá jẹ́. Àwọn kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí ọkàn wọn le ju tèmi lọ tí wọn kò rí owó irin san. N kò gbàgbé ojú wọn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìṣòro gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúnkún mi gan. Kò ṣeé ká, kò ṣeé nà tán. Àwọn àgbà ní kò sí ìdúró, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó gbé odó mì. Èmi ni mo mọ ohun tí òwe yẹn ń wí, torí odó tèmi wà nínú itan. Àwọn èèyàn ń wá kí mi. “Ẹ ṣọkàn gírí, Màdáámú.” “Ẹ má jẹ́ kó sú yín.” Ọmọbìnrin mi ń fi fídíò àwọn tó máa ń pariwo ìwúrí lórí fóònù hàn mí, àwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ dénú ló ń rí i gbà. Mo ń gbọ́ wọn tán, ara mi ń yá fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, mo ń kọjú sí ògiri.

Mo ń dúró de ìtara. Bó ṣe yé mi nígbà náà nìyẹn: pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, màá jí, màá bá a nínú àyà mi, tí á ti gbóná, èmi náà á wá dìde. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró dè é.

Ọmọkùnrin tó ń ṣe físíò fún mi, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ ẹsẹ̀ láti tún ṣiṣẹ́, kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wò mí, kò bá mi sọ̀rọ̀ ìgboyà rárá, ọ̀rọ̀ eegun ló bá mi sọ. Ó ní dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Julius Wolff ti kọ ọ́ sínú ìwé láti ọdún 1892 pé ibi tí ẹrù bá ti ń tẹ eegun ni eegun ti ń le, ibi tí ẹrù ò bá dé ni ó ti ń rọ̀. Ó ní àwọn tó ń gbé lójú òfuurufú, níbi tí ara kì í ti wúwo, lè pàdánù nǹkan bí ìdá kan sí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún eegun ìbàdí wọn lóṣù kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ara wọn le jù ni wọ́n máa ń yàn fún iṣẹ́ náà. “Mọ́mì,” ó ní, “eegun yín ò mọ̀ pé ẹ ń sinmi. Ohun tó rò ni pé ẹ ò nílò òun mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo fídíò lọ.

Ó wọn orúnkún mi pẹ̀lú nǹkan kan tó dà bí rúlà méjì tí wọ́n so lórí. Dìgírì 50. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn bí èèyàn ṣe ń gùn ún nílò nǹkan bí 90. Ó wá ní kí n sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí orúnkún yìí ṣe fún mi. Mo ní mo fẹ́ kí ara mi yá. Ó ní rárá, ohun tí ojú lè rí ni òun ń bèèrè. Mi ò ronú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé Láyípo.

Ẹni tó bá dàgbà n'Íbàdàn mọ Láyípo, ilé ṣóńṣó orí òkè Òkè-Àrẹ̀ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 ní ìrántí Bower, ọ̀gágun òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ Résídẹ́ǹtì, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú wa láti ọdún 1893. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Bàbá mi mú mi lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọn kò fẹ́ràn Bower. Wọn kò gbàgbé pé òun ló yìnbọn agbá wọ ìlú Ọ̀yọ́ lọ́dún 1895. Wọ́n ní àwọn tó ru ẹrù gun òkè yẹn láti kọ́ ọ ni àwọn ń lọ kí. Wọ́n ní kí n máa ka àtẹ̀gùn náà bí a ti ń gùn ún. Mo kà á dé 47. Lókè, wọ́n gbé mi lé èjìká, mo rí gbogbo páànù Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pupa rẹ́súrẹ́sú, àti Ilé Kòkó tó yọ sókè láàrin wọn. Bàbá mi ti di olóògbé báyìí. N kò tún padà síbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ìdí tí ẹnu mi fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n físíò náà kọ ọ́ sínú fáìlì mi: Láyípo, 47.

Lóru, ìrora kì í jẹ́ kí n sùn. Òru kan báyìí, ọjọ́ 25 oṣù Keje, bí aago kan ti kọjá díẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mò ń wo eré ìje tí wọ́n ń sá ní Eugene, ní Amẹ́ríkà. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fẹ́ sá eré onígi ìdènà, mítà 100. Igi mẹ́wàá ni, ìkọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ńtímítà 84 ó dín díẹ̀, mítà mẹ́jọ ààbọ̀ ló wà láàrin igi kan sí èkejì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sì ń gbé láàrin wọn. Èmi tí n kò lè ká orúnkún ń wo ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń kan àyà. Ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tó tí ì sá a bẹ́ẹ̀ rí láyé. Bí aago mẹ́ta ti ń lù, ó tún sá àṣekágbá, 12.06, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń ti wọn lẹ́yìn lágbára ju bí òfin ṣe gbà lọ, nítorí náà 12.12 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú ìdíje àgbáyé eré orí pápá. Nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wa, ó ń sunkún. Èmi náà sun ún, lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú òkùnkùn.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ìtàn rẹ̀, ohun tí mo kà sì wúlò fún mi ju wúrà náà lọ. Ní ìdíje àgbáyé ti Doha lọ́dún 2019, ipò kẹrin. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo lọ́dún 2021, ipò kẹrin. Ẹni tó bá ṣe ipò kẹrin kì í gba nǹkan kan lọ sílé. Kendra Harrison, ọmọ Amẹ́ríkà tó ni 12.20 tí Amusan fọ́, sá a lọ́dún 2016 ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí kò rí ipò mú láti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Òlíḿpíìkì ọdún náà. Kí ló ń lọ lọ́kàn èèyàn ní ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀? Ta ló ń jí i láàárọ̀? N kò gbà pé ìtara ni. Ohun tí mo gbà ni pé aago ìgbáradì lù, ó sì lọ, bó ti máa ń lọ.

Wúrà ti Eugene kò sì fi òpin sí nǹkan kan fún Amusan. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án lọ́dún 2023 pé ó pàdánù àyẹ̀wò oògùn olóró mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe fún eléré ìdárayá, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì dá a láre ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdíje àgbáyé ti Budapest, níbi tó ti ṣe ipò kẹfà. Ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024, kò dé àṣekágbá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ló padà sí Tokyo fún ìdíje àgbáyé, sórí pápá tó ti ṣe ipò kẹrin, ó sá 12.29, ó sì gba fàdákà. Mo wo ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́sàn-án gangan, ẹsẹ̀ mi sì wà lórí pẹ́dà máṣíìnì.

Ẹni tó gbé mi padà sí ìdí máṣíìnì náà kì í ṣe Amusan, kì í sì í ṣe èmi. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni. Ó ku oṣù mẹ́rin kó ṣe fúríìdọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tí mo fara pa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù wá ọ̀gá mìíràn, mi ò bá wọn wí. Òun ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbálẹ̀, ó ń da òróró sí máṣíìnì tí ẹnikẹ́ni kò lò, ó ń jókòó di ìrọ̀lẹ́, ó ń ti ilẹ̀kùn, ó ń mú kọ́kọ́rọ́ wá sílé fún mi. “Màdáámú, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù.” Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ní oṣù Kẹjọ, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí i pé ìka rẹ̀ dúdú fún òróró máṣíìnì. Ojú tì mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ọ̀pá abẹ́ abíyá méjèèjì rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí mo máa ń rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó gbà mí ní ogójì.

Nígbà tí mo sọ fún físíò pé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò, inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde. Ó ní kò sí irinṣẹ́ nínú yàrá òun tó dára ju ìyẹn lọ. Ìlà kan lóòjọ́ ló ní kí n fi bẹ̀rẹ̀: ìlà kan gbọọrọ lórí àkísà, kí n dúró. Ọjọ́ kejì, méjì. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn wọ́ bí ipa ejò. Mo ṣì ní in. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ibi tí mo ti ń wá ìtara kọ́ ló wà. Kì í wá kí n tó jókòó. Tí mo bá ti rán ìlà bí mẹ́rin márùn-ún ló ń yọjú, bí omi ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ń pọ afẹ́fẹ́ kó tó dà. Láwọn ọjọ́ mìíràn kò wá rárá, mo sì ti rán ìlà mi tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbà lẹ́nu àwọn tó ń pariwo ìwúrí yẹn: pé ibi tí ara bá ní kí o dúró, kí o kọjá. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, inú mi dùn pé orúnkún mi ti dé dìgírì 80, mo gun àtẹ̀gùn ilé àbúrò mi lọ sókè láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo pa eyín pọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, orúnkún mi ti wú bí àgbọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pàdánù. Físíò kò bínú. Ó ní ìrora méjì ló wà, kí n kọ́ bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi ló wá yé jù, torí mo mọ̀ ọ́n nínú aṣọ. Aṣọ tó ń fà yàtọ̀ sí aṣọ tó ń ya. Èyí tó ń fà, o lè fà á díẹ̀ sí i, tí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀ á padà. Èyí tó ń ya máa ń dún; ọwọ́ tó bá ti mọṣẹ́ ń gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Láti ìgbà náà, mo ń tẹ́tí sí itan mi bí mo ṣe ń tẹ́tí sí àdìrẹ tó ti gbó. Ìrora tó ń fà, mo ń bá a lọ. Èyí tó ń gún, tó ń gbóná, tó ṣì wà níbẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ọmọ iṣẹ́ mi ṣe fúríìdọ́ọ̀mù rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2023, láàrin ìgbà tí owó bébà di ohun tí à ń wá kiri ní báǹkì. Èmi ni mo rán bùbá tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀ tó wọ́. Adìẹ pupa náà ti yé ẹyin, ó ti pa ọmọ, ọmọ rẹ̀ ti ń tú ilẹ̀ kiri. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní adìẹ yẹn ló gba àìsàn mi lọ. N kò jiyàn.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni èmi àti ọmọbìnrin mi lọ sí Láyípo. Mo ti fi ọ̀pá sílẹ̀ nígbà náà, àmọ́ mo mú un dání. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń yí, apá inú rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ẹsẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Mo di ògiri mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní 11, itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní 19, mo jókòó. Àwọn ọmọ iléèwé kan ń bọ̀ láti òkè, wọ́n fara mọ́ ògiri, wọ́n ní “Ẹ kú ìrọ́jú, mà,” wọ́n kọjá. Mo tẹ́tí sí itan náà. Ó ń fà ni, kò ya. Mo dìde. Ní 30, mo tún jókòó. Láti 30 dé 47, n kò mọ ohun tí mo rò. Mo rántí òórùn símẹ́ǹtì àtijọ́ nìkan, àti ohùn ọmọ mi lẹ́yìn mi tó ń bá mi kà á.

Páànù náà ṣì wà bó ti wà, àfi pé aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé ti wọ àárín àwọn pupa. Mo wá Ilé Kòkó, mo rí i. Mo wá Màpó, mo rí i. Mo dúró pẹ́. Ọmọ mi fẹ́ ya fọ́tò mi, mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹ́ imú mi.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé sísọ̀kalẹ̀ ló le jù. Nígbà tí èèyàn bá ń gòkè, itan ń tì í ni. Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, itan yẹn kan náà gbọ́dọ̀ di gbogbo ara mú kó má já ṣubú. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn tó wà lókè pátápátá, mo wo bó ṣe yí lọ sínú òkùnkùn nísàlẹ̀. Ọmọ mi ní, “Mọ́mì, ṣé kí n dì yín mú?” Mo ní kó bọ́ síwájú mi, kó máa ka nọ́ńbà padà sẹ́yìn, sókè ketekete, kí n lè máa gbọ́ ọ.

Ó ní, “Mẹ́tàdínláàádọ́ta.”

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú.